Wúndíá, Omidan, Ìbálé: Kí Ni Ìbí Jésù Ń Bi Wá?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ọjọ́ Àìkú mélòó ni a ti dìde dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí a ka ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí a dé ibi orúkọ Màríà Wúndíá, tí a sì kọjá lọ bí ẹni tó ń ka iye owó ọkọ̀ láti Òṣíẹ̀lẹ̀ dé Kútọ̀? Ẹnu wa ti mọ ọ̀rọ̀ náà jù, etí wa kò gbọ́ ọ mọ́. Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi ara mi àti ẹ̀yin náà nìyí: nígbà tí a bá sọ pé wúndíá ló bí Jésù, kí ni a ń sọ gan-an? Ṣé ọ̀rọ̀ nípa ara obìnrin ni, àbí ọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run?

Ẹ má ṣe rò pé ìbéèrè àwọn pásítọ̀ nìkan ni. Bí ẹnìkan bá ṣe dáhùn rẹ̀ ni yóò ṣe máa wo ọmọbìnrin tó ń gbé yàrá kejì. Obìnrin ni èmi náà, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti fi orúkọ Màríà na ọmọ ẹlòmíràn bí ẹgba. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Èdè Yorùbá ni mo wá kọ́ níhìn-ín, ilẹ̀ Ẹ̀gbá yìí sì ni ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa ti rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Ọdún 1846 ni Samuel Àjàyí Crowther àti Henry Townsend dé sí Abẹ́òkúta láti dá iṣẹ́ ìjọ CMS sílẹ̀. Kò sì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn oníwàásù náà fi dé Òṣíẹ̀lẹ̀ pàápàá. Crowther ń wàásù, ó ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, ó sì ń túmọ̀ Bíbélì. Ọdún 1850 ni ìwé Róòmù jáde ní Yorùbá. Ó di 1884 kí odidi Bíbélì tó pé, nígbà tí àwọn bíi Thomas King náà ti bá a fi èjìká ti iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹ rò ó wò ná. Ẹnìkan ní láti jókòó, kí ó ronú, kí ó sì mú ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo fún ipò tí Màríà wà nígbà tí áńgẹ́lì dé. Wúndíá ni ọ̀rọ̀ tó wọ ìwé, òun náà ló wà níbẹ̀ títí dòní.

Àmọ́ wúndíá nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Yorùbá ní omidan, ìyẹn ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì wọ ilé ọkọ. Bí o bá pe ọmọbìnrin ní omidan, o ti sọ irú ọjọ́ orí tó wà, o sì ti sọ pé kò tíì lọ́kọ. O ò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tàbí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ nínú yàrá. Yorùbá sì tún ní ìbálé, ọ̀rọ̀ tí màá padà sí níwájú.

Irú ìyàtọ̀ yìí gan-an ló wà nínú èdè Hébérù. Nínú ìwé wòlíì Àìsáyà, orí 7, ẹsẹ 14, níbi tí Mátíù ti mú ẹ̀rí, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni almah. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ti tó ilé ọkọ ni almah. Ó bá omidan tiwa mu dáadáa. Hébérù ní ọ̀rọ̀ mìíràn, betulah, tí wọ́n sábà máa ń lò fún ẹni tí kò mọ ọkùnrin, wòlíì náà kò sì lò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Júù fúnra wọn túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gíríìkì, kí a tó bí Jésù, parthenos ni wọ́n kọ, èyí tó súnmọ́ wúndíá. Gíríìkì yìí ni Mátíù tẹ̀lé, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ìjọ Kristi tò sí. Wòlíì náà fúnra rẹ̀, Áhásì ọba Júdà ló ń bá sọ̀rọ̀ ní nǹkan bí ọdún 735 ṣáájú Kristi, nígbà tí ọba méjì ń gbógun bọ̀ wá ká Jerúsálẹ́mù mọ́. Àmì tí ọba náà nílò lójú ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sọ.

Àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní ọ̀rúndún kejì, Justin, ẹni tí wọ́n pa nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, kọ ìwé lórí àríyànjiyàn òun àti Júù kan tó ń jẹ́ Trypho, ọ̀rọ̀ Àìsáyà yìí sì wà lára ohun tí wọ́n fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà gbé Bíbélì tuntun kan jáde ní 1952, tí wọ́n kọ ọ̀dọ́mọbìnrin sí ibi tí wúndíá wà tẹ́lẹ̀ nínú Àìsáyà, àwọn kan bínú débi pé iná ni pásítọ̀ kan sọ sí ojú ìwé náà. Bẹ́ẹ̀, wọn ò yọ wúndíá kúrò nínú ìwé Mátíù.

Ǹjẹ́ ìgbàgbọ́ náà yóò wó lulẹ̀ bí almah bá jẹ́ omidan? Ní tèmi o, kò wó. Lúùkù sọ ìtàn ìbí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmẹ́nu kan ẹsẹ Àìsáyà yẹn rárá. Èyí mú kí n gbà pé ìtàn náà ti wà lẹ́nu àwọn onígbàgbọ́ kí Mátíù tó wá ẹsẹ tí yóò gbé e lé. Ẹni tó bá fẹ́ gbàgbọ́, kó má ṣe so gbogbo ẹrù rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Hébérù kan. Ẹni tí kò sì fẹ́ gbàgbọ́, kó má ṣe rò pé ìwé atúmọ̀ èdè ti bá òun ṣẹ́gun.

Òmíràn yóò ní, ṣebí àwọn ará ayé àtijọ́ ni, wọn ò mọ bí ọmọ ṣe ń wáyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká bú àgbà lásán. Jósẹ́fù káfíńtà mọ̀ ọ́n dáadáa. Nítorí pé ó mọ̀ ọ́n ló ṣe fẹ́ kọ Màríà sílẹ̀ nígbà tó gbọ́ pé oyún ti wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin tí kò mọ nǹkan kan ni, ì bá ti ra aṣọ ọmọ. Lóòótọ́, ẹlẹgbẹ́ wa kan tó ń kọ́ báyọ́lọ́jì sọ fún mi pé àwọn alángbá kan àti àwọn ẹja ṣáàkì kan wà tí abo wọn lè bímọ láìsí akọ. Àmọ́ ti ènìyàn, a ò rí irú rẹ̀ rí, àwọn tó kọ ìwé Ìhìnrere náà kò sì sọ pé ohun tó wọ́pọ̀ ni. Iṣẹ́ ìyanu ni wọ́n pè é. O lè gbà á, o sì lè kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ nìyẹn.

Ẹ wá wo ohun kan tí a kì í sábà rò, àwa tí a ń gbé ní Abẹ́òkúta tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì àti ìpè ìrun ti ń pàdé lójú ọ̀run. Àwọn ọ̀rẹ́ wa Mùsùlùmí náà gbà pé wúndíá ló bí Jésù. Súrà kan wà nínú Àlùkùráánì, ìkọkàndínlógún, Màríà ló sì fi orúkọ jẹ́. Níbẹ̀, ìdí igi dábínù ni ìrora ìrọbí ti mú Maryam, àwọn ènìyàn rẹ̀ fẹ̀sùn kàn án nígbà tó gbé ọmọ délé, ọmọ náà sì sọ̀rọ̀ láti orí ibùsùn ọmọdé. Síbẹ̀ Mùsùlùmí kò gbà pé Ọmọ Ọlọ́run ni Jésù. Súrà kẹta fi í wé Ádámù: ẹni tó dá Ádámù láìsí bàbá, láìsí ìyá, kí ló le nínú kó dá ẹnìkan láìsí bàbá?

Mo gbà pé ó yẹ kí Kristẹni fara balẹ̀ gbọ́ ìyẹn, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀. Bíbí láti inú wúndíá nìkan kò fi hàn pé ẹnìkan jẹ́ Ọlọ́run. Máàkù kò sọ ìtàn ìbí Jésù rárá. Ìgbà tó ti dàgbà ló ti bẹ̀rẹ̀. Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Gálátíà pé obìnrin ló bí i, kò fi wúndíá kún un. Àjíǹde ni Pọ́ọ̀lù ń kígbe káàkiri. Nítorí náà, ìbí wúndíá kì í ṣe ẹ̀rí tí a fi ń borí ẹjọ́. Àmì ni. Àmì sì ní láti tọ́ka sí nǹkan kan. Kí ló wá ń tọ́ka sí?

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé ẹ̀bùn ni. Nínú Bíbélì, àwọn ìyá tó wá ọmọ títí pọ̀: Sárà, Hánnà, Èlísábẹ́tì. Àwa Yorùbá mọ ìtàn wọn kí a tó ka Bíbélì, nítorí kò sí agboolé tí kò mọ ẹkún ẹni tó ń wá ọmọ. Ìyá Crowther fúnra rẹ̀ wà nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ogun kó ọmọ rẹ̀ lọ lẹ́rú ní 1821, Abẹ́òkúta níhìn-ín ni ojú wọn ti padà kan ara wọn ní 1846, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí ìyá náà ṣe ìrìbọmi ní 1848, Hánnà ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yẹn mọ ìdí tí orúkọ náà fi bá a mu. Ìyá tó sunkún lórí ọmọ ni, tí ọmọ sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ti Màríà yàtọ̀. Kò wá ọmọ. Kò tọrọ. Kò jẹ́jẹ̀ẹ́ ní ṣílò kankan. Omidan tí ìgbéyàwó rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà ni. Nínú ọ̀rọ̀ Sárà àti Hánnà, Ọlọ́run gba àdúrà, ó sì ran ọkọ àti aya lọ́wọ́. Nínú ti Màríà, kò sí ẹni tó lè dìde láti sọ pé, agbára mi nìyí, àdúrà mi nìyí, irú-ọmọ mi nìyí. Ìgbàgbọ́ Kristẹni ń fi èyí sọ pé ìgbàlà kò ti ọwọ́ ènìyàn wá. A kò fi òógùn ṣe é, a kò fi ìdílé ṣe é. Àwọn ọkùnrin tó ń lu àyà pé àwọn ni wọ́n bí ayé, ọ̀rọ̀ yìí rọra sún wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan pé kí wọ́n jókòó ná.

Ohun kejì ni ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ẹ ṣí ìwé Diutarónómì orí 22. Òfin wà níbẹ̀ pé bí ọkùnrin bá fẹ́ ìyàwó tó sì ní òun kò bá a ní wúndíá, kí bàbá àti ìyá ọmọ náà gbé aṣọ ọjọ́ ìgbéyàwó wá síwájú àwọn àgbààgbà ní ẹnubodè, kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí gbogbo ènìyàn rí i. Bí kò bá sí ẹ̀rí, ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ ni wọn yóò ti sọ ọ́ lókùúta pa. Òfin mìíràn tẹ̀lé e nípa àfẹ́sọ́nà tí ọkùnrin mìíràn bá bá sùn nínú ìlú.

Ṣé aṣọ yẹn ṣàjèjì sí wa? Kò ṣàjèjì rárá. Àwọn ìyá wa àgbà mọ aṣọ funfun tí wọ́n ń tẹ́ sórí ẹní ní alẹ́ ìgbéyàwó. Bí ọkọ bá bá ìyàwó nílé, ayọ̀ dé. Ilé ọkọ yóò fi agbè ẹmu tó kún àti páálí ìṣáná tó kún ránṣẹ́ sí àwọn òbí ìyàwó. Bí kò bá bá a nílé, agbè ààbọ̀ ni, páálí ìṣáná ààbọ̀ ni. Kò sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, ààbọ̀ náà ti sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ sì kíyè sí i pé kò sí aṣọ kankan tí wọ́n ń tẹ́ fún ọkùnrin.

Ẹ wá gbé Màríà sí àárín àṣà méjèèjì yìí. Wúndíá ni, oyún sì ti wà. Aṣọ wo ni bàbá rẹ̀ fẹ́ gbé wá síwájú àwọn àgbààgbà? Ẹ̀rí wo ló fẹ́ mú wá? Ikùn rẹ̀ ń ga sókè lójoojúmọ́, gbogbo ohun tó sì fojú hàn ló ń jẹ́rìí takò ó. Gbogbo ohun tó ní ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu omidan ìletò kan tí kò lówó. Bí àwa bá wà ní Násárétì nígbà náà, kí ni à bá sọ? Ẹ má parọ́ fún ara yín. À bá ti jókòó sí ìdí kànga, à bá ti máa ka oṣù, à bá ti máa pe orúkọ àwọn ọmọkùnrin àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò nìyí. Ní ti ojú ayé, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín Màríà àti ọmọbìnrin èyíkéyìí tó lóyún kí ó tó wọlé ọkọ. Ìtìjú kan náà ni, ẹjọ́ kan náà ni, ìka kan náà ni wọ́n nà sí àwọn méjèèjì. Ibi ìtìjú yẹn ni Ọlọ́run gbà wọ ayé. Ó lè dúró dìgbà tí wọ́n bá ṣègbéyàwó tán. Kò dúró. Nítorí náà, ẹni tó bá mú orúkọ Màríà láti fi ta ọmọbìnrin aboyún nù, apá ibi tí àwọn olùfisùn dúró sí ló ti ń ka ìtàn náà.

Mo mọ ọmọbìnrin kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ti pé, káàdì ti jáde, àwọn ará ilé ti ra aṣọ ẹbí. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò oyún, ó lọ, oyún sì wà níbẹ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọ aṣọ funfun. Wọ́n ní kì í ṣe iwájú pẹpẹ ni wọn yóò ti so wọ́n pọ̀, yàrá kékeré ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìwàásù dá lórí Màríà, obìnrin mímọ́. Ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, ó sì ń wo ilẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ wọ kóòtù, ó jókòó láàárín àwọn akọrin, ó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí òun lọ ṣe àyẹ̀wò kankan. Mo bi ara mi lọ́jọ́ náà pé, bí Màríà fúnra rẹ̀ bá mú èsì àyẹ̀wò tirẹ̀ wá sí ọ́fíìsì yẹn, ibo ni wọn yóò ní kó jókòó?

Mo ti ń gbọ́ ẹni tó fẹ́ dá mi lóhùn. Yóò ní, ṣé o wá ń sọ pé kí àwọn ọmọ máa ṣe bó ṣe wù wọ́n ni? Ṣé ìwà mímọ́ kò já mọ́ nǹkan mọ́? Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìkóra-ẹni-níjàánu dára. Ọmọ tó bá pa ara rẹ̀ mọ́ fún ẹni tó fẹ́, ó ti fi ohun kan pamọ́ tó níyì, àti ọkùnrin àti obìnrin o. Bíbélì kò sì fi ọ̀rọ̀ àgbèrè ṣeré. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni ìtàn yìí wà fún. Bí ó bá jẹ́ pé mímọ́ ara ló sọ Màríà di ìyá Jésù, ọ̀pọ̀ wúndíá ló wà ní Gálílì nígbà náà, àwọn òbí wọn ń ṣọ́ wọn. Áńgẹ́lì kò lọ sọ́dọ̀ gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ tó kí i dá lórí ojúrere Ọlọ́run, kò dá lórí máàkì tí ó gbà nínú ìdánwò.

Mátíù fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ àṣìlò yẹn kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Orí kìíní, níbi tó ti ń ka ìran Jésù, ọkùnrin ló ń kà lọ bí ìṣe wọn, ṣùgbọ́n ó fi obìnrin mẹ́rin sí i kó tó kan Màríà: Támárì, tó fi ẹ̀tàn lóyún fún bàbá ọkọ rẹ̀, Ráhábù, aṣẹ́wó Jẹ́ríkò, Rúùtù, àjèjì ará Móábù tó lọ dùbúlẹ̀ níbi ẹsẹ̀ Bóásì lóru, àti aya Ùráyà, tí Dáfídì ọba ránṣẹ́ mú. Ó lè ka Sárà, kò kà á. Àwọn tí ẹnu aráyé ń kùn lé lórí ló kà, ó sì fi Màríà sí ìdí wọn. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ya Màríà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn obìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn, Mátíù ni yóò kọ́kọ́ bá jà.

Mo ní màá padà sí ìbálé. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dún létí: bá, ilé. Ọkọ bá a nílé. Ẹni tó wá, ó wá bá onílé nínú ilé. A ti fi ọ̀rọ̀ yẹn mọ sí ara nìkan, ṣùgbọ́n ó lè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí áńgẹ́lì dé ọ̀dọ̀ Màríà, ó bá a nílé. Orí rẹ̀ pé, ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sá, kò sì gbà bí ẹni tí wọ́n fọ́ lójú. Ó béèrè ìbéèrè: báwo ni èyí yóò ṣe ṣẹ nígbà tí òun kò mọ ọkùnrin? Wọ́n dá a lóhùn. Ìgbà yẹn ló tó sọ pé kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ìbálé ọkàn nìyẹn, ní tèmi: kí ọ̀rọ̀ ńlá dé, kí ó bá ọ nílé.

Ẹ kò sì gbọdọ̀ fo ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà wá yẹn dá. Nínú ìtàn àwọn ará Gíríìkì, Zeus òrìṣà wọn á fẹ́ obìnrin, á pa ara dà di ẹyẹ tàbí màlúù, á sì tàn án tàbí kó gbé e lọ. Agbára ló fi ń mú wọn. Ẹni tó ní agbára jù lọ nínú ìtàn Lúùkù ránṣẹ́ kó tó ṣe ohunkóhun, ó ṣàlàyé, ó sì dúró gbọ́ èsì omidan kan. Àwọn kan yóò ní, ta ló lè sọ pé rárá fún Ọlọ́run? Jónà sọ ọ́. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Èsì Màríà ní ìtumọ̀ nítorí pé èsì ni. Ẹ̀yin ọ̀gá tí máàkì wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ọmọkùnrin tí ẹ rò pé owó ọkọ̀ àti ìrẹsì alẹ́ kan ti ra ẹnìkan tán, bí Ọlọ́run bá béèrè, ta ni yín tí ẹ kò ní béèrè? Ẹni tó bá ń ka ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó sì ń fi agbára mú ọmọbìnrin lọ́jọ́ Ajé, kò gbà ohun tó kà gbọ́.

Mi ò ní gbàgbé Jósẹ́fù. Yorùbá ní, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lúùkù sọ pé ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n sọ Jésù lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí ìkómọjáde tiwa. Nínú ìwé Mátíù, Jósẹ́fù ni áńgẹ́lì ní kí ó sọ ọmọ náà lórúkọ. Ẹni tó bá dìde láàárín ẹbí tó sì sọ ọmọ lórúkọ, ó ti gbà pé ọmọ òun ni. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ Jósẹ́fù, síbẹ̀ orí rẹ̀ ni ìran Dáfídì gbà dé ọ̀dọ̀ Jésù nínú àkọsílẹ̀ Mátíù. Ó gba ọmọ, ó sì gba ìtìjú ìyá ọmọ mọ́ tirẹ̀, nítorí láti ọjọ́ yẹn lọ, bí ẹnìkan bá ka oṣù, Jósẹ́fù náà ni wọn yóò máa fojú burúkú wò. Kó tó lá àlá rárá, ìpinnu rẹ̀ ni pé òun kò ní jẹ́ kí ayé gbọ́, pé òun kò ní dójú ti ọmọ ọlọ́mọ. Bíbélì pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní olódodo. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn wé ọkùnrin tó mọ̀ pé òun ló ni oyún, tó sì pa fóònù rẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí léèrè pé ara obìnrin ni ìbí wúndíá ń sọ àbí Ọlọ́run, èsì mi ni pé Ọlọ́run ni: Ọlọ́run tó ń fúnni kí a tó tọrọ, tó ń béèrè kó tó wọlé, tó sì wá sí ibi tí kò ti sí aṣọ tí a lè tẹ́ fún ẹ̀rí. Ẹni tó bá gbà èyí gbọ́ ní iṣẹ́ láti ṣe. Ọmọbìnrin kan lè wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ní sáà yìí tí kò lè sọ ohun tó ń ṣe é fún ẹnikẹ́ni. Kó má jẹ́ ìdí kànga ni yóò bá wa. Kó bá wa nílé.